Ìpò Nẹmátíìkì àti Gbèdéke Ooru Rẹ̀

Kírísítálì olómi ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe irú èròjà kan tí kò le gbagidi bí iyọ̀, tí kò sì dà bí omi lásán, tí ìwà méjèèjì pàdé nínú rẹ̀. Ó ń ṣàn, ṣùgbọ́n àwọn mólékù inú rẹ̀ kò gbàgbé ibi tí wọ́n kọjú sí. Oríṣiríṣi ìpò ló wà lábẹ́ orúkọ yìí. Nẹmátíìkì ló rọrùn jù nínú wọn, òun náà ló sì wúlò jù: òun ló wà nínú ojú kàkulétọ̀, ojú mítà iná, ojú ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà, tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ àti àìmọye fóònù.

Ìpò yìí ní gbèdéke méjì. Ní ìsàlẹ̀, bí ooru bá dín kù jù, èròjà náà á dì. Lókè, bí ooru bá pọ̀ jù, ìtò àwọn mólékù á já, èròjà náà á di omi tó mọ́ gaara, gbogbo ohun tí a tìtorí rẹ̀ rà á á sì pòórá. Àárín gbèdéke méjèèjì nìkan ni nẹmátíìkì ti ń gbé. Nínú èròjà kan, àárín náà lè fẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún dígírì lọ. Nínú òmíràn, kò tó dígírì méjì.

Mọ́níyà, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní àríwá Ìbàdàn, dára láti ti wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ooru ibẹ̀ àti ooru tí àwọn èròjà tó gbajúmọ̀ jù ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Láàárọ̀ ọyẹ́, ooru lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 20°C. Lọ́sàn-án oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kọjá 33°C lábẹ́ ibòji. Ohun tó bá wà nínú oòrùn gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú ọkọ̀ tí wọ́n pa fèrèsé rẹ̀ dé, tó dúró láti àárọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, lè gbóná kọjá 50°C, kí iwájú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ sì kọjá 60°C. Láti 20 dé 60 jẹ́ ogójì dígírì. Èròjà kan ṣoṣo tó máa ń wà ní nẹmátíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ogójì dígírì yẹn ṣọ̀wọ́n gan-an. Bí àwọn ènìyàn ṣe borí ìṣòro yìí ló gbé nẹmátíìkì kúrò nínú ìgò yàrá ìwádìí wá sínú àpò ṣòkòtò wa.

Bí mólékù ṣe ń tò

Mólékù àwọn èròjà wọ̀nyí gùn, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú kírísítálì líle, mólékù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kì í kúrò níbẹ̀. Nínú omi lásán, kò sí èyí tó ní àyè, kò sì sí èyí tó ní ìdojúkọ. Nẹmátíìkì mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí agbo màálù tí wọ́n ń dà lọ sí ọjà màálù Akínyẹlé á mọ bó ṣe rí: èyí ń sáré síwájú, èyí ń fà sẹ́yìn, òmíràn ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn na ara sí. Ìyàtọ̀ kan wà o: nínú nẹmátíìkì tí a mọ̀ jù, ìdajì mólékù kọ orí síwájú, ìdajì kọ orí sẹ́yìn. Ìlà tí wọ́n tò sí ló ṣe kókó.

Nọ́ńbà kan wà tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń sọ bí ìtò náà ṣe péye tó. S ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí gbogbo mólékù bá tò gẹ́lẹ́, S jẹ́ 1. Bí wọ́n bá dàrú pátápátá, S jẹ́ 0. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, Wilhelm Maier àti Alfred Saupe ní Jámánì ṣe ìṣirò kan tó ṣàlàyé bí ooru ṣe ń jẹ nọ́ńbà yìí. Bí ooru ṣe ń gòkè, mólékù ń gbọ̀n, S sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í rọra dín títí tí yóò fi kan òdo. Nígbà tó bá kù bí 0.43, ìtò náà á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú ẹni tó ń wò ó, omi tó ti funfun bí omi ògì á ṣàdédé mọ́. Ìwọ̀n ooru yẹn ni ojú ìmọ́gaara, òun ni gbèdéke òkè. Gbèdéke ìsàlẹ̀ ni ojú yíyọ́, níbi tí èyí tó le ti di olómi.

Agbára tí a nílò láti kọjá gbèdéke méjèèjì kò dọ́gba rárá. Ooru tó ń tú nẹmátíìkì ká lójú ìmọ́gaara kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó yọ́ ọ láti líle. Èyí fi hàn pé ìtò nẹmátíìkì kò lágbára. Ìdọ̀tí díẹ̀, tàbí èròjà àjèjì tí mólékù rẹ̀ kò gùn, tó fún un láti já ṣáájú àkókò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe èròjà wọ̀nyí fi máa ń fọ̀ wọ́n léraléra kí wọ́n tó gbà pé nọ́ńbà tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́.

Irú kírísítálì olómi kan tún wà tí omi ń darí ju ooru lọ. Ọṣẹ tí a pò mọ́ omi díẹ̀ wà lára wọn: bí omi bá pọ̀ sí i tàbí dín kù, ìpò rẹ̀ á yí padà. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn tí ooru ń darí ni àyọkà yìí ń bá lọ.

Láti Prague dé Hull

Ọdún 1888 ni ẹnìkan kọ́kọ́ kọ gbèdéke méjèèjì sílẹ̀. Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko ní ìlú Prague, ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èròjà tó jẹ mọ́ kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Nígbà tó gbé ọ̀kan nínú wọn, cholesteryl benzoate, ka iná, ó yọ́ ní 145.5°C, ṣùgbọ́n omi tó di ṣú, kò mọ́. Ó di 178.5°C kó tó mọ́. Ojú yíyọ́ méjì fún èròjà kan ṣoṣo: ẹlòmíràn ì bá ní ìdọ̀tí ló fà á, kí ó sì dà á nù. Reinitzer kọ lẹ́tà sí Otto Lehmann, tó ní máíkírósíkópù tí a lè fi iná gbóná, Lehmann sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dá a lójú pé ìpò tuntun ni. Èyí tí Reinitzer rí jẹ́ nẹmátíìkì tí ìtò rẹ̀ ń lọ́ bí okùn, tí a ń pè ní kọlẹsitẹ́ríìkì.

Nẹmátíìkì gan-an fara hàn ní 1890, nígbà tí Ludwig Gattermann àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe èròjà kan tí a ń pè ní PAA ní Heidelberg. Nẹmátíìkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 118°C, ó parí ní nǹkan bí 135°C. Ní Halle, Daniel Vorländer àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe èròjà tuntun lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì rí i pé mólékù tó gùn tí ó sì tọ́ ló máa ń fúnni ní ìpò yìí. Èyí tó bá tẹ̀ kì í sábà ṣe é. Georges Friedel ní Faransé ló pín wọn sí nẹmátíìkì, sìmẹ́kítíìkì àti kọlẹsitẹ́ríìkì ní 1922, ìpín náà la ṣì ń lò dòní.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan falẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ooru ló sì fà á. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi èròjà tó ń béèrè 118°C ṣe? Kò ṣeé fi sínú aago ọwọ́. Nígbà tí George Heilmeier àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná darí nẹmátíìkì ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ní láti máa gbé èròjà náà gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́. Àṣeyọrí wọn gidi wá nígbà tí wọ́n rí àpòpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n jókòó sí láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 1968 ni wọ́n pe àwọn oníròyìn wá wò ó.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hans Kelker àti Birgit Scheurle ní Jámánì gbé èròjà kan tí a ń pè ní MBBA jáde. Nẹmátíìkì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 22°C sí 47°C. Fún ilé kan ní Mọ́níyà, nọ́ńbà yìí dára púpọ̀: ó gba ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ra, kò sì fi òru sílẹ̀ bí kò ṣe nínú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n MBBA ní àléébù kan tí ó burú fún ilẹ̀ wa ju fún ilẹ̀ Jámánì lọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń tú mólékù rẹ̀ sí méjì. Bí afẹ́fẹ́ oṣù Keje ní Ìbàdàn bá ráyè wọ inú gíláàsì rẹ̀, ojú ìmọ́gaara á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni gbèdéke tí wọ́n kọ sí ara ìgò á di irọ́.

George Gray ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yanjú èyí. Ó ti ń kọ́ nípa kírísítálì olómi fún bí ogún ọdún, ó sì ti kọ ìwé pàtàkì kan lórí rẹ̀ ní 1962, nígbà tí àwọn tó bìkítà nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ Ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní owó ìwádìí, àwọn onímọ̀ físíìsì ìjọba tó wà ní Malvern sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ní 1972, òun, Ken Harrison àti John Nash ṣe èròjà tí kò ní ìsopọ̀ tí ọ̀rinrin lè tú. 5CB ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í tètè bà á jẹ́, nẹmátíìkì rẹ̀ sì wà láàárín 24°C sí 35°C.

Lójú tèmi, kò sí nọ́ńbà méjì nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí tó jọ ojú ọjọ́ Ìbàdàn tó ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá gbé ìgò 5CB sórí tábìlì ní Mọ́níyà lè rí i ní nẹmátíìkì lọ́pọ̀ ọjọ́ ọdún láìtan iná kankan. Ṣùgbọ́n ìjọra yẹn náà ni àìtó rẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ó ti wà nísàlẹ̀ ojú yíyọ́. Bí ọ̀sán oṣù Kẹta bá kọjá 35°C, ó ti di omi lásán.

Ìdílé CB

Nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ 5CB ni iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ìrù mólékù rẹ̀. C dúró fún sáyánò tó wà lórí, B fún òrùka bẹ́ńsíìnì méjì tó so mọ́ ara wọn láàárín. Gray àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró sórí márùn-ún. Wọ́n gun ìrù náà, wọ́n gé e kúrú, ohun tí wọ́n rí sì kọ́ni púpọ̀ nípa ibi tí gbèdéke ti ń wá.

6CB yọ́ ní nǹkan bí 14.5°C, ó mọ́ ní 29°C. 7CB wà láàárín 30°C sí 43°C. 8CB ní ìpò méjì: láti 21.5°C sí 33.5°C ó jẹ́ sìmẹ́kítíìkì, tí mólékù tò ní pẹpẹ lórí ara wọn, láti 33.5°C sí 40.5°C ó di nẹmátíìkì. Nínú 9CB, sìmẹ́kítíìkì ti gba ilé tán: nẹmátíìkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 48°C, kò sì tó 50°C kó tó parí. 10CB kò ní nẹmátíìkì kankan. Bí ìrù bá ti gùn jù, ìrù á máa wá ìrù, òrùka á máa wá òrùka, pẹpẹ á sì dá sílẹ̀.

Ẹ wo ojú ìmọ́gaara wọn lẹ́sẹẹsẹ láti 5 dé 9: 35, 29, 43, 40.5, 49.5. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì máa ń ga ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù inú ìrù kì í tò ní ìlà tààrà. Wọ́n ń wọ́ sọ́tùn-ún, sósì. Bí iye wọn bá jẹ́ márùn-ún tàbí méje, ìsopọ̀ tó kẹ́yìn na ara síbi tí mólékù na ara sí, ó sì gùn ún sí i. Bí iye wọn bá jẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ìsopọ̀ tó kẹ́yìn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ràn án lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn àbájáde yìí ju ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú kẹ́místrì lọ, nítorí pé kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, tí ojú kò lè rí, ń sọ fún wa lórí tẹmómítà ibi tó kọjú sí.

4CB kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ó yọ́ ní nǹkan bí 48°C, ó sì di omi lásán lẹ́sẹ̀ kan náà. Nẹmátíìkì rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ní nǹkan bí 16.5°C. Bí a bá ń gbé e gbóná, a kò ní rí i láéláé. Bí a bá mú un tutù kíákíá, tí kò tètè dì, nẹmátíìkì á fara hàn fún ìgbà díẹ̀ kó tó di líle. Irú èyí pọ̀ nínú ìwé, ẹni tó bá sì ń ka gbèdéke nínú tábìlì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ìgbà tí wọ́n ń gbé e gbóná ni wọ́n kọ ọ́ tàbí ìgbà tí wọ́n ń mú un tutù.

Bí a bá wá fi òrùka kẹta kún àárín 5CB, ó di 5CT, nọ́ńbà sì yí padà pátápátá: láti nǹkan bí 131°C sí 240°C. Ọgọ́rùn-ún dígírì àti lékè! Mólékù tó gùn tó sì le láàárín kì í tètè gbà kí ooru tú òun ká. Èyí tó fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn nìyí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fóònù tó gbọ́dọ̀ gbóná tó 131°C kó tó tàn? Ọ̀nà mìíràn ni láti fi òrùka tí kò ní ìsopọ̀ méjì-méjì rọ́pò ọ̀kan nínú bẹ́ńsíìnì. Irú rẹ̀ tó ní ìrù kábọ́ọ̀nù márùn-ún wà láàárín nǹkan bí 30°C sí 55°C, ilé iṣẹ́ Merck ní Jámánì sì kọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹbí yẹn lórí.

Àpòpọ̀

Níbi tí èròjà kan ṣoṣo ti kùnà, àpòpọ̀ ló borí. Peter Raynes ní Malvern ló jókòó ti ìṣirò rẹ̀, ó sì lo kọ̀ǹpútà láti mọ iye tí wọ́n máa pò. Ohun méjì ló gbé e dúró. Àkọ́kọ́: bí a bá po oríṣiríṣi mólékù tó jọra, ojú ìmọ́gaara àpòpọ̀ náà máa ń sún mọ́ ìpíndọ́gba tiwọn. Ìkejì: ojú yíyọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mólékù tó yàtọ̀ síra kò lè bára wọn tò sínú kírísítálì líle kan náà, nítorí náà àpòpọ̀ á kọ̀ láti dì títí ooru á fi wálẹ̀ gan-an, kọjá ojú yíyọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Òkè kò wálẹ̀ púpọ̀, ìsàlẹ̀ sì jìn sí i: àárín wọn wá fẹ̀.

E7, tí ilé iṣẹ́ BDH ní Poole tà fún àwọn aṣẹ̀rọ, ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 51 jẹ́ 5CB, 25 jẹ́ 7CB, 16 jẹ́ 8OCB (ìbátan 8CB), 8 jẹ́ 5CT. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà fúnra wa. Ojú ìmọ́gaara mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 35, 43, 80 àti 240. Ìdá 51 nínú 35 jẹ́ 17.85, ìdá 25 nínú 43 jẹ́ 10.75, ìdá 16 nínú 80 jẹ́ 12.8, ìdá 8 nínú 240 jẹ́ 19.2. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 60.6. Nǹkan bí 60°C ni E7 ti ń mọ́ gaara nínú yàrá ìwádìí. 5CT, tí kò ju ìdá 8 lọ, ló gbé èyí tó pọ̀ jù wá nínú àpapọ̀ yẹn. Ní ìsàlẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń yọ́ nísàlẹ̀ 20°C, síbẹ̀ E7 wà ní nẹmátíìkì títí dé nǹkan bí −10°C. Àádọ́rin dígírì nìyẹn, láti inú èròjà tó jẹ́ pé dígírì mọ́kànlá péré ni olórí wọn ní.

E7 dé lásìkò tó yẹ. Ní ìparí ọdún 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich ní Switzerland ti rí ọ̀nà láti lọ́ nẹmátíìkì láàárín gíláàsì méjì kí iná mànàmáná díẹ̀ lè máa ṣí i, kó máa tì í. Ọ̀nà náà ń wá èròjà tí kì í bàjẹ́. Ìdílé CB ni ó rí. Àwọn aago àti kàkulétọ̀ olójú gíláàsì kún ayé lẹ́yìn náà. Ní 1995, Gray gba ẹ̀bùn Kyoto ní Japan.

Oòrùn Mọ́níyà àti ojú ẹ̀rọ

Nínú ojú ẹ̀rọ, nẹmátíìkì wà láàárín gíláàsì méjì, pólaráísà (asẹ́ ìmọ́lẹ̀) kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀, wọ́n sì dábùú ara wọn. Lásán, pólaráísà méjì tó dábùú ara wọn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Nẹmátíìkì ló ń yí ìmọ́lẹ̀ náà kí ó lè ráyè gba ti ìkejì kọjá. Bí ooru bá kọjá ojú ìmọ́gaara, kò sí ohun tó máa yí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ojú ẹ̀rọ á sì ṣú dúdú. Ohun tí à ń rí nìyẹn lójú ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn lórí tábìlì POS, tàbí lójú mítà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Dúdú náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó gbóná jù bí àbààwọ́n, á sì máa tàn ká.

Dúdú yìí kì í ṣe ikú ẹ̀rọ. Ẹ gbé e sí ibòji, kí ó tutù fúnra rẹ̀, nẹmátíìkì á padà, nọ́ńbà á sì hàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e sínú fíríìjì tàbí kí ó da omi tútù lé e: gíláàsì lè là, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì di omi nínú ẹ̀rọ. Ohun tó lè bà á jẹ́ títí láé ni kí a máa fi sínú ooru bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, torí pólaráísà àti gọ́ọ̀mù tó dì í mú kì í fara da ooru tó nẹmátíìkì. Bátìrì sì máa ń ṣáájú gbogbo wọn bàjẹ́. Apple kọ ọ́ pé kí a máa lo iPhone níbi tí ooru wà láàárín 0°C sí 35°C. Gbogbo fóònù náà ni wọ́n ń sọ, ọ̀sán oṣù Kẹta lójú pópó Ọ̀yọ́ sì wà létí gbèdéke yẹn. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó ńlá òde òní kò tilẹ̀ ní nẹmátíìkì nínú ìmọ́lẹ̀ ojú wọn, OLED ni wọ́n. Bí ojú irú wọn bá ṣókùnkùn nínú oòrùn, ẹ̀rọ ló mọ̀ọ́mọ̀ dín ìmọ́lẹ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là.

Kò tó kí ojú ìmọ́gaara ga ju ooru ibi tí a ń lò ó. Kí ooru tó dé ibẹ̀, S ti ń dín kù, dúdú kò dú tó mọ́, funfun kò funfun tó. Nítorí náà, ẹni tó ń po èròjà fún ẹ̀rọ tó máa dúró níta máa ń gbé ojú ìmọ́gaara sókè ju ooru tó ń retí lọ dáadáa. Àpòpọ̀ òde òní lè ní èròjà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ sì ń wà ní nẹmátíìkì láti −40°C títí kọjá 100°C.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan owó ènìyàn nìyí. Lára ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ooru tí ojú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú kékeré tó wọ́pọ̀ ni wọ́n kọ 0°C sí 50°C fún; àwọn kan wà tí wọ́n kọ −20°C sí 70°C fún. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Fún ẹ̀rọ sólà tó máa wà lábẹ́ páànù gbígbóná ní Mọ́níyà tàbí ní Ọ̀jọ́ọ̀, èkejì ni kí a rà. Wọ́n ń kó èyí àkọ́kọ́ wọlé fún wa lọ́pọ̀lọpọ̀, mo sì gbà pé àìbéèrè wa wà lára ohun tó fà á.

Òtútù

Gbèdéke ìsàlẹ̀ kì í yọ ará Ìbàdàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń yọ àwọn ará wa tó wà lókè òkun lẹ́nu. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, wálẹ̀ dé nǹkan bí −31°C. Irú òtútù yẹn ti kọjá gbèdéke ìsàlẹ̀ E7. Kí ó tilẹ̀ tó dì, nẹmátíìkì á ti ki, mólékù rẹ̀ kò ní yára yí padà mọ́. Nọ́ńbà tuntun á ti máa jáde lójú ẹ̀rọ nígbà tí òjìji ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Nẹmátíìkì tún ní àṣà kan tó ń gbà á sílẹ̀: kì í tètè dì. 5CB tó mọ́ dáadáa lè wà ní olómi fún wákàtí púpọ̀ nísàlẹ̀ ojú yíyọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́ tí ooru jẹ́ 20°C, kò yani lẹ́nu bí ìgò rẹ̀ kò bá tíì dì. Èyí wà lára ìdí tí ìwé kan fi máa ń kọ 22.5°C, kí òmíràn kọ 24°C, fún ojú yíyọ́ kan náà. Bí èròjà náà ṣe mọ́ tó àti irú kírísítálì tó dì sí tún kún un. Ojú ìmọ́gaara kì í ní irú àríyànjiyàn yẹn, nítorí pé nẹmátíìkì kì í jáfara láti dé tàbí láti lọ.

Ìwádìí kò tíì parí. Ní 2017, ẹgbẹ́ kan ní York àti ẹgbẹ́ mìíràn ní Japan gbé àwọn èròjà tuntun jáde. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Boulder ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ọ̀kan nínú wọn, RM734, orí gbogbo mólékù kọ síbi kan náà, ohun tí Max Born ti rò ní 1916. Nẹmátíìkì àtijọ́ wà nínú rẹ̀ títí dé nǹkan bí 188°C. Bí a bá mú un tutù dé nǹkan bí 133°C, ti tuntun á bẹ̀rẹ̀. Gbèdéke RM734 yìí ga jù fún ìlò, gẹ́gẹ́ bí ti PAA ṣe ga ní 1890.

Wíwọ̀n rẹ̀

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà wọn gbèdéke kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà Lehmann. Wọ́n á fi èròjà díẹ̀ sáàárín gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, wọ́n á gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù tó ní pólaráísà méjì, wọ́n á sì máa gbé e gbóná ní dígírì kan tàbí méjì níṣẹ̀ẹ́jú kan. Nẹmátíìkì á fi àwọ̀ àti òjìji dúdú bí ẹ̀ka igi hàn. Lójú ìmọ́gaara, gbogbo rẹ̀ á ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń wọn ooru tó wọlé àti èyí tó jáde, òun ló ń fi hàn bí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó.

Àwọn olùkọ́ físíìsì àti kẹ́místrì ní Mọ́níyà, Ọ̀jọ́ọ̀ àti Agbówó lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ wọn láìní ohun èlò olówó ńlá. Pólaráísà tí atúnfóònùṣe yọ lára ojú fóònù tó fọ́, gíláàsì méjì, ìwọ̀n bíńtín 5CB àti ife omi tó gbóná tó 40°C ti tó. Ní ilẹ̀ tó tutù, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbé e gbóná kí nẹmátíìkì tó yọjú. Níhìn-ín, ọwọ́ ojú ọjọ́ wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa béèrè fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ rí gbèdéke náà lójú ara rẹ̀.